Má-tíì-kú

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìjámọ̀, n'Íléṣà, àpáta ni.
Tó bá di oṣù Ẹrẹ́nà, alángbá kì í lè dúró lórí rẹ̀;
á gbé ẹsẹ̀ kan, á sọ ọ̀kan kalẹ̀,
bí ajigbèsè tó rí olówó lókèèrè.

Koríko kan wà níbẹ̀.
Ìwé á ti sọ ọ́ lórúkọ; èmi ò mọ̀ ọ́n.
Ó dúdú, ó gbẹ, ó ń rún wómúwómú lọ́wọ́,
bí irun tí iná rà.
Mo fà á tu lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ fi dáná ẹ̀wà.
Bàbá Ògúnlúsì, tó ń fọ́ òkúta fún àwọn kọ́lékọ́lé,
ju òòlù sílẹ̀:
"Dá a padà síbi tó o ti mú un.
Má-tíì-kú ni. Oorun ló ń sùn."
Mo rẹ́rìn-ín. Erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò kún páálí ìṣáná.
Mo ṣáà gbé e kalẹ̀,
mo fi òkúta wẹ́wẹ́ tì í lẹ́sẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru ọjọ́ Ajé.
Kí n tó ti iléèwé dé lọ́jọ́ kejì,
gbogbo ẹ̀gbẹ́ àpáta ti tutù yọ̀yọ̀.
Èyí tí mo fà tu nìkan ni kò jí.
Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dàn wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú,
èyí tí ẹyẹ ṣu irúgbìn rẹ̀ síbi tí àpáta ti sán.
Gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri
bí ọwọ́ afọ́jú lára ògiri.
Táyà mẹ́ta ni Bàbá Ògúnlúsì máa ń sun
kí òkúta tó gbà láti là.
Ọjọ́ tó dé ìdí ọ̀dàn, ó bá a pé ó ti là kalẹ̀,
kò sí iná, kò sí èéfín.
Ó jókòó, ó ṣí fìlà.
"Áà, ọ̀gá mi ti ṣiṣẹ́ débí."
Ó kó òòlù, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn.
Owó ọjọ́ náà kò pé. Ìyàwó rẹ̀ bínú.

Ìlọrin ni mo wà báyìí. Ooru mú.
Mo pe ìyá mi lórí fóònù,
mo bi í léèrè ara, mo bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta epo,
mo wá bi í léèrè àpáta.
"Ó ṣì dúdú," ó ní.
"Òjò ṣú lápá Ìbòdì lálẹ́ àná, ó tún tú ká."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Àwọn ọmọ ilé kejì fẹ́ fà á tu. Mo lé wọn."