Ife Omi Lójú Fèrèsé

Wọ́n ti nu ilẹ̀ dè mí. Òórùn oògùn apakòkòrò
ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ọ̀gá wọn tẹ̀lé e, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.
Yìnyín Wínípẹ́ẹ̀gì ṣì lẹ̀ mọ́ bàtà mi.

Fọ́ọ̀mù ní: ṣé agogo ìpè ń dún?
Ó ń dún. Mo fàmì sí i.
Kò bi mí ta ní ń gbọ́ ọ.

Mo tẹ agogo yàrá kẹrìnlá,
mo jókòó ti Màmá Kowalchuk.
Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún gbáko
la fi ń wo ife omi tó wà lójú fèrèsé,
ìgbọ̀nwọ́ kan péré sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.
Ètè rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Marisel ló sáré wọlé, òógùn bò ó.
Òun nìkan ló ń tọ́jú èèyàn méjìlélógún láti alẹ́ àná.
Ó mọ ẹni tí kì í mu ṣúgà,
ó mọ ẹni tí òkùnkùn ń bà lẹ́rù.
Níbo ni kí n kọ ìyẹn sí?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.
Ọmọ òkété wà ní Kálígárì, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe,
ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè.

Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára sálúbàtà Màmá.
Mo bi í. Ó ní, “Ó kú nínú oṣù kọkànlá.
Ẹsẹ̀ wa dọ́gba.”

Mo gbé ife náà fún un. Kò sí nínú iṣẹ́ mi.
Ó mu ún tán,
ó ní kí n bu òmíràn wá.