Ohun Tí Wọ́n Ń Tẹ̀ Lóru

Àbúrò ìyá mi, Eliseo, ń rọ ààrò onírin
ní Coyhaique, níbi tí èéfín ti ń bo ìlú
bí ìbora lóṣù Kẹfà.
Ó ní kí n bá òun ṣí ojúlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.
Ó ń sọ, mo ń kọ:
"Irin tó nípọn. Ilẹ̀kùn méjì. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà,
fún ọkùnrin tó mọ iyì irin."
Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹni mẹ́rin ló yà.
Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni.

Ni mo bá lọ wo ohun tí àwọn èèyàn àgbègbè wa
ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan:
ọ̀rọ̀ lápá òsì, iye ìgbà lápá ọ̀tún.
"Iyì irin": òdo.
"Ilẹ̀kùn méjì": òdo.
"Igi tútù kò gbiná": irínwó lóṣù kan.
"Èéfín ń padà wọlé": igba ó lé ọgbọ̀n.
"Ààrò, sísan díẹ̀díẹ̀."
"Ọmọ ń wúkọ́, ṣé ààrò ni?"
Òru ló pọ̀ jù.

Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.
Àwọn àgbà kò mọ kọ̀ǹpútà, wọ́n mọ èyí.

Mo kà á fún un ní ṣọ́ọ̀bù.
Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́.
"Ọkùnrin mi dà nínú gbogbo wọn?"
Mo ní n ò mọ̀, iye kì í ní ojú.
Àmọ́ ẹni tó ń wádìí ikọ́ ọmọ láàárín òru
kì í béèrè iyì irin.

Nísàlẹ̀ pátápátá, mo ti fẹ́ fò ó:
"Ọkọ mi ló máa ń dáná, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"
Mẹ́wàá péré.
Mo ní ìyẹn kéré, ẹ jẹ́ ká mú igi tútù ṣáájú.

Eliseo jókòó sórí àpótí ìṣó.
Ó ní lọ́dún tí bàbá àwọn kú,
ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá àwọn fi sùn
pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, ààrò tútù nílẹ̀,
torí kò fẹ́ bi ẹnikẹ́ni.

"Yanara, kọ ti àwọn mẹ́wàá yẹn ṣáájú.
Kọ ọ́ báyìí: Kọ́kọ́ ṣí ihò ẹ̀yìn.
Wá igi lẹ́ńgà tó gbẹ, là á wẹ́wẹ́.
Má tètè ti ilẹ̀kùn.
Tó bá kú, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ.
Tún un dá."