Olùdáhùn Kẹtàdínlógún

Tuulikki, orúkọ mi kò sí nínú ìwé rẹ.
Ojú-ìwé igba lé mẹ́rin ni mo ti bá ara mi pàdé:
ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń ta gìtá,
aṣọ dúdú, ó ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó ti kúrò nínú ìjọ.
Mo rẹ́rìn-ín. Ìlà méjì péré ni gbogbo ìgbà èwe mi.

Oṣù kìíní ni o kọ́kọ́ wá bá wa ní Kuopio.
Òtútù ń gé etí jẹ,
adágún ti dì gbagidi, ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá.
O sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí a ti ń pariwo wa,
pẹ̀lú fìlà pupa tí ẹnì kan fi òwú hun fún ọ.
A rò pé òṣìṣẹ́ owó orí ni ọ́. Oiva tilẹ̀ pa iná.
O jókòó sórí páálí bíà nínú òkùnkùn,
o ní, "Mi ò wá dájọ́. Mo wá gbọ́ ni."

Iṣẹ́ etí ni o yàn.
Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé owó kò sí nínú rẹ̀,
pé ẹ̀ẹ̀mejì ni yunifásítì kọ̀ láti ràn ọ́ lọ́wọ́
(ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú irun gígùn?),
pé ní òru, o ń to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́,
pé bàbá rẹ, tó ń tẹ dùùrù fún ìjọ Iisalmi,
kò bi ọ́ léèrè iṣẹ́ rẹ títí ó fi kú.

O bi mí pé kí ni mo gbà gbọ́.
Bàbá tèmi náà kò bi mí rí.
Mo purọ́ fún ọ, Tuulikki.
N kò gba nǹkan kan gbọ́. Ìyá mi ló kú,
aṣọ dúdú tí mo wọ̀ lọ sin ín,
n kò mọ bí a ti í bọ́ ọ.
Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, ẹ̀rọ rẹ sì ń yí,
mo ní igbó ni mò ń sìn,
mo ní mo máa ń gbé ọtí lọ fún béárì lábẹ́ igi páìnì kan.
O kò rẹ́rìn-ín. O ní, "Igi wo?"

Igi wo!
Irọ́ tí wọ́n bá bi ní àdírẹ́sì,
dandan ni kó wá ilé kọ́.
Ní Sátidé, mo wá igi lọ, bóyá o máa padà béèrè.
Yìnyín dé mi lórúnkún. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.
Ohun tí mo sọ, kò sí lórí téèpù kankan.

Mo wà níbi tí o ti gbèjà ìwé rẹ, ní ìlà ẹ̀yìn,
nínú yúnífọ́ọ̀mù awakọ̀ bọ́ọ̀sì.
Gbogbo wọn wọ dúdú, láti ọrùn dé ẹsẹ̀;
wọ́n dé fìlà gíga, wọ́n sọ̀rọ̀ idà tí wọn yóò fún ọ,
wọ́n sì ní àwa la ṣàjèjì.
Bàbá arúgbó kan láti Uppsala ń la ìwé rẹ bí ẹni ń la ẹja.
Ó ní, báwo lo ṣe mọ̀ pé wọn kò purọ́ fún ọ?
Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọrùn mi gbóná.
O ní, "Mi ò mọ̀. Mo kàn máa ń wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn lọ
lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́ tán."

Ọdún méjìdínlógún rèé. Lánàá lo pè mí,
ohùn rẹ ti hó díẹ̀. O ní ìwé tuntun ni,
lórí àwa tí irun wa ti re.
O fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan náà.
Máa bọ̀. Wọ bàtà tó ga.