Mítà Mẹ́ta

Irin orí rédíò Bàbá Arókoyọ̀ ti kán,
ewúrẹ́ ló fà á lẹ́yìn àká.
Wọ́n ní: "Ohùn inú ẹ̀, báwo ló ṣe gùn tó?"

Mo fi ẹfun kọ ọ́ sára àpáta Ògìdì:
ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù mítà ni eré ìmọ́lẹ̀
ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo;
ìgbì yìí ń mì nígbà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.
Mo pín in. Mẹ́ta.

Bàbá fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nílẹ̀:
"Ó gùn ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ,
ó sì ń la ògiri kọjá!"

Mo gé ìdámẹ́rin rẹ̀ lára wáyà bàbà,
sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gọ́rin.
Rédíò wúkọ́,
ó ń ka orúkọ àwọn tó kú lọ́sẹ̀ yìí.
Ọ̀rẹ́ wọn ará Ìyàrá wà níbẹ̀.

Wọn ò bi mí
bí ìyẹn ṣe gùn tó.