Òrùka Kẹta

Mo gbé àwòrán ilẹ̀ láti Abuja wá,
mo ká a róbótó, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà,
wákàtí mẹ́ta nínú eruku láti Hadeja
kí a tó dé ìdí dongoyaro
tí wọ́n ti tẹ́ ẹní dè wá.

Hausa ẹnu mi ń tiro, mo ṣáà ń ṣàlàyé:
Pupa, omi yóò dé ibẹ̀.
Ìyeyè, ó lè dé, ó lè má dé.
Funfun, ẹ sùn, kí ẹ máa hanrun.
Sátẹ́láìtì ló wo ilẹ̀ látòkè,
kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀, èmi ni mo kùn ún.
Ó ku kí Mai-anguwa buwọ́ lù ú.

Mai-anguwa wúkọ́, kò sọ̀rọ̀.
"Níbo ni ilé mi wà níbẹ̀?"
Ẹ̀yìn àká ni ohùn náà ti wá.
Delu ni, opó Barau,
ó ń fẹ́ ìyàngbò jéró, ó gbé atẹ sílẹ̀.
Mo fi hàn án. Funfun báláú.
Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà;
ẹ̀rín ẹni tó ti gbé ọmọ sórí òrùlé rí ni.

Ó fi ìka pa ìdí ìkòkò dúdú,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọ̀ funfun mi:
"Níbí, òru mẹ́sàn-án ni omi fi sùn.
Ewúrẹ́ méjì. Àpò jéró mọ́kànlá.
Níbí, ó wọnú kànga,
ọmọ Asabe bì títí ilẹ̀ fi mọ́.
Èyí tí o kùn ní pupa yìí?
Òkè ni. Ibẹ̀ la sá lọ."
Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́,
títí ara àwòrán mi fi dà bí ìyẹ́ ẹtù.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Èmi ti sọ ilẹ̀ lórúkọ kí n tó wo ilé.

Ọ̀rọ̀ gùn. Òjìji igi ṣí kúrò lórí wa,
a wọ́ ẹní tẹ̀ lé e.
Sábíù apẹja ní òun ò kó lọ síbì kankan:
ibojì bàbá òun wà létí odò, ta ni yóò máa kí i?
Ẹnì kan ní kí ìjọba mọ odi. Wọ́n pòṣé.
Ẹnì kan bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń ṣí ìsédò,
kó máa pè wọ́n kó tó ṣí i.
N ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Àká ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí:
kó gun òkè kí oṣù keje tó wọlé,
kí òkúta gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀.
Harúnà, tó ní fóònù, ni yóò máa ṣọ́ odò.
A sì fi ọ̀dà yí ara dongoyaro ká:
òrùka àkọ́kọ́, ẹ kó ẹran.
Ìkejì, ẹ kó ọmọ.
Ìkẹta, a ní kí Delu fi ibi tó dé hàn wá.
Ó nawọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.
Ó ní kí wọ́n gbé àga wá.

Ní ọ́fíìsì wa ní Wuse, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn.
Ọ̀gá tẹ́ àwòrán sórí tábìlì, ó yọ gíláàsì ojú:
"Ta ló fi ọwọ́ ìdọ̀tí ba iṣẹ́ yìí jẹ́?"
Mo ní, "Ọ̀gá, ìdọ̀tí yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà."

Àkọ́rọ̀ òjò ń kan fèrèsé.
Mo jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo pe Harúnà:
"Òrùka mélòó?"
Ó ní, "Ilẹ̀ ṣì gbẹ níbí.
Àká mẹ́rin ti gòkè, ó ku méje.
Sábíù ń bá wa ru òkúta.
Delu ní kí n kí ọ."