Ìṣẹ́jú-Àáyá Mẹ́ta

Inú àfonífojì ni ilé Vinko wà, lẹ́yìn Bohinj,
níbi tí òkè ti ga débi pé
oòrùn oṣù Èrèlé á yọjú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan,
á mú un, á tún lọ.
Ìgbì tẹlifíṣọ̀n pàápàá, agbára káká ló fi ń bá wọn délé.

Mo gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan lọ fún un,
èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jesenice ti kọ̀ sílẹ̀.
Fáànù inú rẹ̀ ń kùn bí agbọ́n inú agolo.
Mo nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò,
mo fi Línúùsì sí i.
Ẹyẹ kan yọ lójú gíláàsì,
ẹyẹ dúdú aláyà funfun tó jókòó gẹlẹtẹ.
“Kí lèyí?”
Mo ní, “Ẹyẹ ni. Kì í fò.”
Vinko rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́:
“Ẹyẹ tí kò lè fò
ni yóò wá fi àwọn ọmọ tó ń fò hàn mí?”

Torí ìyẹn náà ló ṣe ránṣẹ́ pè mí.
Ẹrẹ́nà ń bọ̀, wọn yóò fò ní Planica,
níbi tí ènìyàn ti ń so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀
tó sì ń fi ara rẹ̀ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́,
igba mítà, ó lé.
Òun náà ti fò rí, nígbà èwe.
Mítà mọ́kàndínláàádọ́ta.
Ẹsẹ̀ òsì ló san gbèsè rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ
ike bí àtàǹpàkò tí mo kì bọ̀ ọ́ nídìí.
Ọjọ́ kejì, ó mọ̀ ọ́n,
àmọ́ kò sí ìkànnì kankan láyé yìí, ó ní.
Mo tẹ àṣẹ. Ó ní n kò láṣẹ.
Mo di gbòǹgbò, ó gbọ́:
orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá nínú Línúùsì nìyẹn.
Ó tẹ́ Vinko lọ́rùn.
Àwọn ọ̀gá tó ń gbé òkè téńté, ó ní,
ẹ̀fúùfù ló ń gbé wọn lọ.

Mo gun òrùlé, òjò dídì mù mí dé orúnkún.
Mo yí ẹ́ríà sọ́tùn-ún,
Vinko pariwo lójú fèrèsé: “Ìdajì!”
Mo yí i sósì: “Òfo!”
Inú bí mi, mo dojú rẹ̀ kọ àpáta tó dí wa lọ́nà.
“Ó dé! Dúró bẹ́ẹ̀! Má mí!”
Àṣé ohun tó dínà náà
ló ń gbá ìgbì padà sí wa.

Štefka, aya rẹ̀, wà ní yàrá kejì,
ìbàdí ti dá a dúbúlẹ̀ láti ìgbà ìkórè.
Mo fa wáyà gba abẹ́ ilẹ̀kùn,
mo gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.
Àpótí kan náà, ìkànnì kan náà,
síbẹ̀ tirẹ̀ fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ṣáájú tọkọ.

Ọjọ́ eré pé.
Ọmọkùnrin kan ṣì rọ̀ sójú ọ̀run níwájú wa,
Štefka ti pariwo láti ẹ̀yìn ògiri:
“Ó balẹ̀! Ó balẹ̀ o!”
Mo na ọwọ́ sí àtẹ bọ́tìnnì.
Mo mọ ibi tí ìdádúró náà fara pamọ́ sí,
nọ́ńbà kan péré ni.
Vinko gbá mi lọ́wọ́ mú.
“Fi í sílẹ̀.
Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀.
Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀,
mo mọ̀ pé ọmọ yẹn kò ní ṣubú.”

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òmíràn fò.
Ó rọ̀ síbẹ̀. Ògiri kò sọ nǹkan kan.
Vinko kò wo ọmọ náà mọ́,
ó gbá ilẹ̀ ayé mú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde,
ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì lọ sí yàrá kejì.
Ó pẹ́ kó tó padà.
“Ó sùn,” ló wí. “Ó la ẹnu sílẹ̀.”
Ó jókòó.
Kò béèrè ibi tí ọmọ náà balẹ̀ sí.