Ẹnu Ìyá Ò Tíì Dé

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn Bájúlayé ní Ṣómólú,
àwòrán olóògbé kan ń bọ̀ láti Ìbàfò,
ó ń wọ ojú kọ̀ǹpútà mi láti òkè wálẹ̀:
gèlè dé, iwájú orí dé,
ojú méjèèjì dé, wọ́n ń wò mí,
imú dé tán, ó dúró.
Ẹnu ò dé.

Ọmọ olóòkú jókòó lórí bébà tí a kò tíì gé.
"Ṣé màmá mi náà nìyẹn?"
"Àwọn ni. Wọ́n ṣì wà lọ́nà ni."
Iná wà, íńkì kún, ẹ̀rọ ti gbóná,
dátà nìkan ló kọ̀ tí kò yọjú.
Nígbà tó di ọ̀sán, ó wọkọ̀ lọ Ìbàfò fúnra rẹ̀,
ó padà dé nírọ̀lẹ́, fíláàṣì nínú àpò ṣòkòtò:
àwòrán mìíràn ni, ti pásípọ́ọ̀tù, ìyá pa ẹnu mọ́.
Èyí la tẹ̀. Ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà.
N kò lè wojú rẹ̀ nígbà tó ń ka owó.

Lọ́jọ́ Ajé mo ní kí àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì máa bọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lánàáse dé, bàtà rẹ̀ ń dán.
"Tiwa ò lópin, mà."
Mo bi í: kí ni nínú ayé yìí tí kò lópin?
Ó wúkọ́. Ó ní tí mo bá ti lo igba jíìgì,
yóò kàn máa rọra rìn.
A jẹ́ pé ó lópin, ọmọ mi,
ó ń tiro lọ síbẹ̀ ni.

Sẹ̀nàmi, ọmọ Àgbádárìgì, gbé ike funfun kan wá,
kò ju ike ọṣẹ lọ.
A gbé e sójú fèrèsé, ó sáré bí ìgalà.
A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgébébà, ó kú fin-ín-fin-ín.
Ọmọ náà ò purọ́: "Mà, tó bá di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ló ń fà á."
Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lójú fèrèsé bí ológbò?

Ó wá ku oníwáyà,
okùn tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.
Owó àtifà á wọlé nìkan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún.
Tí katakata tó ń gbẹ́ gọ́tà bá hú u ńkọ́?
"A ó wá tún un ṣe."
Lọ́jọ́ wo?
Ó gbójú sókè, ó ń ka páànù.

Lóru, mo ṣírò sẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó tó bàjẹ́.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ka bébà,
mo mọ rìímù tó pé, mo mọ èyí tí wọ́n ti yọ nínú rẹ̀,
àtàǹpàkò mi ti tó ẹlẹ́rìí.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi àtàǹpàkò ka ohun tí kò ṣeé dì mú?

Ògiri dún. Bàbá Músílíù adìwé ni, lódìkejì:
"Ẹ̀yin náà ò sùn? Ẹ jẹ́ ká dá owó ẹ̀ jọ."
Ṣùfíánù tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ ní òun náà á dá sí i.
A jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́ lórí ẹni tí tirẹ̀ máa pọ̀ jù;
a kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i:
bọ́ọ̀lù wíwò ò sí nínú àdéhùn.

Ọjọ́ keje ni wọ́n dá, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wáyà dé.
Ihò tí eku ń gbà ló gbà wọlé.
Iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn, ó ṣẹ́jú, ó dúró.
Ṣùfíánù ti ń wá bọ́ọ̀lù.

Èmi ṣí fáìlì Ìbàfò tí n kò tíì pa rẹ́.
N kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lára mọ́ọ̀sì tí ẹnu dé:
ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín gidi, èjí gbòòrò láàárín eyín.
Abájọ tí ọmọ rẹ̀ fi kọ́kọ́ mú èyí.
Mo tẹ̀ ẹ́, ẹyọ kan, sórí bébà tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù,
mo ń wá nọ́ńbà ọmọ náà.